Ìṣirò Ìdá Nínú Ilé Ìdáná

Ẹ̀yin abiyamọ ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀pọ̀ ọmọ tí ń sá fún ìṣirò ìdá kì í ṣe olódo. Ìdáhùn kan ṣoṣo ni a ń béèrè lọ́wọ́ wọn. Bí wọ́n bá sì ti ṣì í, ẹ̀rù a bà wọ́n. Nínú kíláàsì mi, mo máa ń pàdé ọ̀dọ́mọbìnrin tí ó yege ìdánwò, ṣùgbọ́n tí kò lè dín èròjà kéèkì kù sí ìdajì.

Ẹ kó àwọn ife tí ẹ fi ń wọn ìyẹ̀fun fún àwọn ọmọ yín: odindi, ìdajì, ìdámẹ́ta àti ìdámẹ́rin, pẹ̀lú gààrí díẹ̀. Ẹ bi wọ́n pé, "Ọ̀nà mélòó ni ẹ lè gbà bu gààrí kí odindi ife yìí fi kún?" Ọ̀kan yóò bu ìdajì méjì, èkejì yóò bu ìdajì kan àti ìdámẹ́rin méjì. Àwọn méjèèjì ni ó gbà á. Bí ẹ̀kẹta bá bu ìdajì àti ìdámẹ́ta, tí ife kò kún, ẹ má ṣe sọ ohun tí ó kù fún un. Ẹ jẹ́ kí ó wá a. Ìdámẹ́fà ni, nítorí ìdajì jẹ́ mẹ́ta nínú mẹ́fà, ìdámẹ́ta sì jẹ́ méjì.

Ohun tí ọmọ bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọ̀n, kì í tètè gbàgbé rẹ̀.