Ìyànà Tí Bàbá Mi Kò Yà Rí

Awakọ̀ èrò ni bàbá mi. Láti Ìyànà Ìpájà ni wọ́n ti ń kó èrò lọ sí Iléṣà àti Àkúrẹ́ fún ọdún 31; owó ọkọ̀ náà ni wọ́n sì fi rán mi ní ilé ẹ̀kọ́. Ní ọdún tí ó kọjá, ojú wọn bẹ̀rẹ̀ sí ṣe bàìbàì. Dókítà wí fún wa pé glaucoma ni: omi inú ẹyinjú ni ó ń ni iṣan ìríran lára. Èyí tí ó bá ti lọ nínú ìríran kì í padà. Èyí tí ó kù nìkan ni oògùn lè bá ni dì mú.

Bàbá kò fọhùn títí a fi délé. Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ ni wọ́n tó wí pé, "Àkànní, mo fẹ́ rí omi Ẹ̀rìn."

Ẹnu yà mí. Omi Olúmirìn tí ń já láti orí òkè ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n ń wí. Mo ti rò pé wọn yóò ti wò ó títí tí yóò fi sú wọn.

"Èrò kún inú ọkọ̀," ni wọ́n wí. "Ta ni yóò jókòó dè mí kí n máa wo omi?"

Ní ìdájí ọjọ́ Sátidé kan ni a gbéra, èmi, ìyàwó mi, àwọn ọmọ wa méjì, àti bàbá níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kí n má purọ́, n kò gbádùn ìwakọ̀ ọjọ́ náà. "Rọra o, gálọ́ọ̀pù ń bẹ níwájú!" Bẹ́ẹ̀ wọ́n ti dí kòtò náà tipẹ́. Wọ́n ń ròyìn ìgbà tí wọ́n jẹ́ ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀, kí a tó ṣí títì márosẹ̀ Ìbàdàn ní 1978, tí ọkọ̀ ń gba Ìkòròdú àti Ṣàgámù. Nígbà tí a kọjá Ìbàdàn, wọ́n di ojú méjèèjì. Ó pẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "A ti gun afárá odò Ọ̀ṣun." Lóòótọ́ ni. Ó yé mi pé wọ́n ń dán ara wọn wò ni, n kò sì tún ráhùn mọ́.

Lẹ́yìn Iléṣà ni òkè bẹ̀rẹ̀ sí yọrí nínú igbó. Bàbá nawọ́: "Ìyànà náà nìyẹn, lápá òsì."

Ìpele 7 ni omi náà ní, láti apá Ẹ̀fọ̀n Aláayè ni ó sì ti ń ṣàn bọ̀, tí ó ń já sínú àfonífojì láàrin àpáta. Ìtàn àwọn ará ibẹ̀ ní Akínlà, ọmọ ọmọ Odùduwà, ni ó kọ́kọ́ rí i. Ìpele kìn-ín-ní ni orúnkún bàbá gbé wọn dé. Ìrì omi ń ta sí wọn lójú, wọn kò nù ún.

"Mo rí funfun rẹ̀," ni wọ́n wí. "N kò rí igi tí ẹ ń wí."

Àwọn ọmọ gun ìpele kejì, wọ́n sì sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tútù. Bàbá bi wọ́n léèrè ohun gbogbo: ṣé ó ga ju ti ìsàlẹ̀ lọ? Ṣé ẹyẹ wà níbẹ̀? Èyí àbúrò ní ọ̀bọ wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní irọ́ ni. Bàbá gba ti àbúrò gbọ́.

Nígbà tí a padà dé ìyànà lọ́jọ́rọ̀, wọ́n ní kí n dúró. Wọ́n sọ̀kalẹ̀, wọ́n dúró lẹ́bàá títì. Ọkọ̀ akérò mẹ́ta kọjá lọ sí ọ̀nà Àkúrẹ́, ọ̀kankan kò dẹ ẹsẹ̀. Bàbá fetí sí wọn títí ìró wọn fi lọ, wọ́n sì padà wọlé.

"Ó yá," ni wọ́n wí, "máa wà á lọ."