Nọ́ńbà Ara Ọ̀rá

Ẹni tí ó bá ti gba ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn kọjá ní ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù mọ ohun tí ojú ń rí láàárín Ibafo àti Mowe. Mọ́tò kò ní lọ, oòrùn yóò mú, àwọn ọlọ́jà yóò sì yí ọkọ̀ ká: omi inú ọ̀rá, búrẹ́dì, ẹ̀pà, ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ọmọ tí òùngbẹ ń gbẹ kì í béèrè ibi tí omi ti wá. Àwa òbí ni kí a yí ọ̀rá náà padà, kí a wo nọ́ńbà NAFDAC kí a tó já a.

Ní ọdún 1990, oògùn paracetamol olómi kan pa ọ̀pọ̀ ọmọ wẹ́wẹ́ ní Ìbàdàn àti ní Jos. Kẹ́míkà kan tí ń jẹ́ diethylene glycol ni ó wà nínú rẹ̀. Ó dùn lẹ́nu, ó sì jọ èyí tí àwọn apoògùn ń lò, ṣùgbọ́n kíndìnrín ni ó máa ń bà jẹ́. Ọmọ kò ní lè tọ̀ mọ́. Ní ọdún 1993 ni ìjọba ológun fi Òfin 15 dá àjọ NAFDAC sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà máa po ohun tí ó wù ú fún wa. Síbẹ̀, kẹ́míkà kan náà tún wọ inú oògùn eyín My Pikin ní ọdún 2008. Àwọn ọmọ tí ó kú lé ní 80.

Olóògbé Dora Akunyili ni ó darí àjọ náà láti 2001 sí 2008. Ayédèrú insulin ni ó pa àbúrò rẹ̀ obìnrin ní ọdún 1988. Nígbà tí ó gbógun ti àwọn oníṣòwò ayédèrú oògùn, wọ́n yìnbọn sí i ní December 2003. Ọta náà la gèlè rẹ̀ kọjá. Àwa kì í gbàgbé gèlè yẹn.

Ṣùgbọ́n àjọ kan kò lè dúró ti gbogbo oníkóńgò. Ìrẹsì Ọ̀fàdà tí ó súnmọ́ wa, ẹ̀wà, àkàrà orí iná, kò sí nọ́ńbà lára wọn. Àwọn kan a máa da oògùn apakòkòrò sí ẹ̀wà. Ní ọdún 2019 ni NAFDAC ní kí wọ́n yé ta igò kékeré rẹ̀ ní ọjà. Ẹ̀wà tí kòkòrò díẹ̀ wà nínú rẹ̀ ni àwa ń rà, bí àwọn ọmọ ilé tilẹ̀ ń ráhùn pé ṣíṣà rẹ̀ pọ̀ jù.

Èyí tí ó dùn wá jù ni ti inú ọkọ̀. A ń lọ sí Ìfọ̀, arákùnrin kan dìde, ó gbàdúrà fún ìrìn àjò wa, ó dá orin, gbogbo wa ṣe Àmín. Lẹ́yìn náà ni ó fa igò oògùn yọ nínú báàgì: ibà, jẹ̀díjẹ̀dí, ẹ̀yìn dídùn, kò sí èyí tí kò wò. Kò sí nọ́ńbà, kò sí orúkọ ẹni tí ó ṣe é. Ìyá kan tí ọmọ rẹ̀ ń yọ eyín béèrè bí ọmọ lè mu ún. Ó ní ìdajì ọmọrí igò. A sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2008 fún ìyá náà. Ó dá igò padà, ó gba owó rẹ̀. Arákùnrin náà pè wá ní aláìgbàgbọ́, ó sọ̀ ní ibùdókọ̀ tí ó tẹ̀ lé e, ó sì wọ ọkọ̀ mìíràn.