Àkọ́rọ̀ ní Òkè Ìdànrè

Yorùbá kò ní ìgbà ìrúwé bí ti àwọn ará Yúróòpù, tí wọ́n pín ọdún sí ọ̀nà mẹ́rin. Ẹ̀ẹ̀rùn àti òjò ni tirẹ̀. Síbẹ̀, ẹnubodè tí ó wà láàrin méjèèjì kò ṣàìní orúkọ: àkọ́rọ̀ ni òjò tí ó kọ́kọ́ rọ̀ lẹ́yìn ọ̀gbẹlẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, kí ó rìn dé Òkè Ìdànrè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, nígbà tí òjò bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta.

Àfonífojì ni ìrìn náà ti ń bẹ̀rẹ̀, láàrin oko kòkó. Òórùn ilẹ̀ tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ bà ni ó ń kọ́kọ́ pàdé ènìyàn. Òdòdó kòkó, wẹ́wẹ́ bí ó ti rí, a máa yọ lára ìtì igi gan-an. Òwú àràbà ń fò kiri, ewé tútù sì ń bo àwọn igi tí ọyẹ́ ti tú sí ìhòòhò. Ẹlúlùú, ẹyẹ tí àwọn àgbà ní ó ń pe òjò sí orí ara rẹ̀, ń ké láti inú ìgbẹ́.

Lẹ́yìn èyí ni òkè dé. Àtẹ̀gùn tí ó lé ní 600 ni ènìyàn yóò gùn kí ó tó dé ìlú àtijọ́, níbi tí ààfin Ọwá ṣì wà. Ibẹ̀ ni àwọn ará Ìdànrè ń gbé kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún ogún. Ní ọdún 2007, Nàìjíríà fi òkè náà sí àkójọ ohun tí ó ń dábàá fún UNESCO gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo ayé.

Omi òjò ń ṣàn pẹrẹsẹ lórí àpáta. Nínú omi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ kan ti ń dàgbà, irú èyí tí àwọn onímọ̀ kò rí níbòmíràn yàtọ̀ sí Ìdànrè. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọn kò fi rí i. Ọdún 2013 ni wọ́n tó tún kàn án.

Ìrìn yìí kan olùkọ́ èdè gbọ̀ngbọ̀n. Ọmọ ilé-ìwé lè ka orúkọ ìgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ilẹ̀ òkèèrè láìṣì, kí ó má sì mọ àkọ́rọ̀ yàtọ̀ sí àrọ̀kúrò. Ó lè pe ẹgàn, ọ̀dàn àti àkùrọ̀ ní igbó lásán. Ẹgàn ni igbó tí ọwọ́ àdá kò tí ì kàn. Oko sì ti gba ọ̀pọ̀ rẹ̀ báyìí. Bí igbó náà bá tán, ọ̀rọ̀ náà yóò ṣẹ́kù sínú ìwé atúmọ̀ èdè, bí àpótí tí ẹrù inú rẹ̀ ti sọnù. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tí kò ní orúkọ fún nǹkan kì í tètè mọ ìgbà tí nǹkan náà ń lọ.

Nítorí náà, ó yẹ kí ẹ̀kọ́ èdè máa jáde kúrò nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, nígbà àkọ́rọ̀. Kí ọmọ fi ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ àpáta, kí ó bi àgbẹ̀ ní orúkọ igi àti ti ẹyẹ, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹ̀ka-èdè Ìdànrè ṣe ń pè é, kì í ṣe bí ìwé nìkan ṣe kọ ọ́.