Bàálù Tí Ọmọ Ń Lálàá Rẹ̀

Lọ́tẹ̀ yìí, n kò mú ọ̀rọ̀ ewé wá, n kò sì mú ti ọdún wá. Ọ̀rọ̀ bàálù ni mo gbé dé. Kẹ́nikẹ́ni má tíì rẹ́rìn-ín o, ẹ jẹ́ n dé ibi tí mo ń lọ.

Àwọn kan wà láyé tó jẹ́ pé bàálù ló gba ọkàn wọn. Tẹ́ ẹ bá bi wọ́n pé èwo ni wọ́n á fẹ́ wà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí wọ́n tó kú, kálukú ló ní tirẹ̀ lẹ́nu. Ẹnì kan á ní Concorde, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jọ ṣe, tó ń sáré ju ohùn lọ, tí wọ́n gbé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní 2003. Ẹlòmíràn á ní Boeing 747, èyí tó ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì níwájú. Ṣùgbọ́n èyí tó wà lọ́kàn ọmọbìnrin kan nínú ẹgbẹ́ wa ni Spitfire. Àwòrán rẹ̀ ló lẹ̀ mọ́ ara ògiri níbi tó ń sùn. Òun ló kọ́ mi ní púpọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ṣe Spitfire. Ọjọ́ 5 oṣù Ẹrẹ́nà 1936 ló kọ́kọ́ fò, nítòsí Southampton. R. J. Mitchell ni olórí àwọn tó yàwòrán rẹ̀. Jẹjẹrẹ ló pa ọkùnrin náà ní 1937, lẹ́ni ọdún 42. Kò rí ogun tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ jà rárá. Gbogbo èyí tí wọ́n ṣe lé ní 20,000. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń jókòó sínú rẹ̀, ìyẹ́ rẹ̀ fẹ̀, ó wá rí ṣóńṣó lẹ́nu bí ewé. Àwọn tó ti wà á ní lójú ọ̀run, ńṣe ló máa ń dà bíi pé èèyàn gbé e wọ̀ bí ẹ̀wù. Ilẹ̀ ni wàhálà rẹ̀ wà. Imú rẹ̀ gùn, ó sì gbé e sókè, awakọ̀ kò lè rí ọ̀kánkán, àfi kó máa darí rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì bó ṣe ń lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sún mọ́ra. Bó bá sì pẹ́ jù nílẹ̀, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ á gbóná.

Ẹ máa ní, kí ló kàn wá níbẹ̀? Ó kàn wá. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn èèyàn Nàìjíríà dáwó jọ fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì láti fi ra bàálù ogun. £5,000 ni wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ fi Spitfire kan ta wọ́n lọ́rẹ mú wá. Nítorí owó yẹn ni wọ́n ṣe fi orúkọ wa pe ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfuurufú kan, 91 (Nigeria) Squadron. Spitfire sì ni wọ́n fi jagun. Nítorí náà, bí ọmọ bá ń wò ó lórí fóònù, ẹ má sọ fún un pé ohun òyìnbó nìkan ni. Owó àwọn baba wa wà nínú rẹ̀.

Ọmọ Èkó kan wà tó ń jẹ́ Peter Adeniyi Thomas. Ní 1942, òun ni ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà àkọ́kọ́ tí àwọn ọmọ ogun òfuurufú Gẹ̀ẹ́sì fi joyè ọ̀gá. Bàálù ló pa á ní 1945. Ọmọbìnrin wa kò fi èyí pa mọ́ fún ìyá rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́.

Àwọn obìnrin náà wà Spitfire. Wọn kò jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ sójú ogun, ṣùgbọ́n nínú ẹgbẹ́ Air Transport Auxiliary, obìnrin tó lé ní 160 ló ń gbé bàálù láti ibi tí wọ́n ti ń ṣe é lọ fún àwọn ọmọ ogun. Ó lè jẹ́ Spitfire láàárọ̀, kó jẹ́ ẹlẹ́ńjìnnì méjì tí wọn kò wà rí lọ́sàn-án. Ìwé kékeré kan tó wọ àpò ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé. Wọ́n á ṣí i síbi tí wọ́n ti kọ ọ̀rọ̀ bàálù tọjọ́ náà, wọ́n á kà á, wọ́n á gbéra.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti jọ tiwa nìyẹn. Ní ọjọ́ 30 oṣù Ọ̀wàrà 1935, bàálù ńlá tuntun kan já lulẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, bó ṣe gbéra tán. Ọ̀gá ni àwọn tó wà á. Ohun tí wọ́n fi há ìyẹ́ ìdarí rẹ̀ mọ́ nígbà tó wà nílẹ̀ ni wọ́n gbàgbé láti tú. Èèyàn méjì bá a lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ gbogbo ohun tó yẹ ní ṣíṣe sílẹ̀. Títí dòní, awakọ̀ tó ti fò fún ọgbọ̀n ọdún gbọ́dọ̀ kà á níkọ̀ọ̀kan kó tó gbéra. Àwa náà ńkọ́? Awo wo ló máa ní òun ti mọ̀ ọ́n tán, kó má júbà kó tó dáfá?

Ìyá ọmọ náà wá bá mi lẹ́yìn ọjọ́ Ifá. Obìnrin tó ń tajà ni, ọmọ yìí nìkan ló sì kù fún un. Ó ní, “Baba, ẹ bá mi sọ fún un pé Ifá ní kò gbọdọ̀ wa bàálù. Tó bá ti lẹ́nu yín ló ti gbọ́ ọ, á gbà.”

Mo ní, “Ìyá wa, mo gbọ́ ẹ̀rù yín. Ṣùgbọ́n ẹnu Ifá kì í ṣe ohun tí à ń yá lò. Tí mo bá fi í purọ́ fún ọmọ yín lónìí, kí ló máa gbà gbọ́ lọ́la tí Ifá bá sọ òótọ́ fún un?”

Mo ní kó pè é wá, kí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó. A dá a, a di ìbò lójú àwọn méjèèjì. Ire ni ìbò mú. Ifá ní kí wọ́n bọ orí ọmọ náà, kí wọ́n bọ Ògún tó ni irin, kó má sì fi ìwàǹwára ṣe é. Ìyá rẹ̀ sunkún. N kò sọ fún un pé kó má bẹ̀rù, torí ìyá tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ gòkè kò lè ṣaláì bẹ̀rù.

Ẹ̀yin àgbà kan nínú ẹgbẹ́ ti ń sọ fún ọmọ yìí pé kí ló ń wá kiri, ṣé egbé kò sí nílé ni? Ẹ jọ̀ọ́. N kò bú egbé, mo bọ̀wọ̀ fún ohun tí àwọn baba wa mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ wa bàálù, ìṣirò àti físíìsì ló máa kọ́. Ọdún mélòó ni ọmọ awo fi ń kọ́ Ifá lẹ́sẹ̀ ọ̀gá rẹ̀? Ẹ má fi ìtàn egbé mú un kúrò nídìí ìwé.

Spitfire kọ́ ni wọ́n máa kọ́kọ́ fún un. Bàálù kékeré ni gbogbo wọn fi ń bẹ̀rẹ̀, irú Cessna 172, tí wọ́n ti ṣe tó lé ní 44,000. Ilé ẹ̀kọ́ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní Zaria ní 1964 ló ń wò. Ibẹ̀ ni Chinyere Kalu ti kọ́ṣẹ́, obìnrin Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di awakọ̀ òfuurufú akérò, tó sì padà wá di ọ̀gá ibẹ̀. Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré o. Agbára ìyá rẹ̀ nìkan kò ká a, ìdí sì nìyẹn tí mo fi kọ̀wé yìí sí gbogbo ilé. Nígbà Ogun yẹn, àwọn baba wa dáwó bàálù fún ọmọ ẹlòmíràn. Tí a bá pàdé lọ́jọ́ Ifá tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ti ọmọ tiwa.

Kí orí gbè wá o. Àṣẹ.