Kọ́kọ́rọ́ Àpótí Ìwé

Àwa mẹ́ta ni a jọ ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní ìgbèríko Kétu. Nígbà tí ẹgbẹ́ wa kéde owó ìrànwọ́ kékeré fún olùkọ́ tí ó bá fẹ́ dá ètò ìwé kíkà sílẹ̀ nínú kíláàsì rẹ̀, a kọ̀wé béèrè, wọ́n sì fún wa ní 80,000 sẹ́fà. Ẹni tí kò kọ́ni rí lè pe iye yẹn ní owó tí kò tó nǹkan. Ẹni tí ó ti fi ìwé kan ṣoṣo kọ́ ọmọ mẹ́rin lórí ìjókòó kan kò ní pè é bẹ́ẹ̀.

Ohun tí a ṣèlérí ni pé a ó ra ìwé ìtàn Yorùbá fún àwọn ọmọ CM1. Faransé ni a fi ń kọ́ wọn láti òwúrọ̀. Yorùbá ni wọ́n ń sọ bí wọ́n bá ti jáde sí abẹ́ igi máńgòrò. A fẹ́ kí wọ́n rí èdè ẹnu wọn nínú ìwé. A wá irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní Kétu, a wá a dé Àjàṣẹ́, èyí tí a rí kò tó. Ni méjì nínú wa bá gun alùpùpù gba Ìlárá kọjá sí Ìmẹ̀kọ, wọ́n sì wọ ọkọ̀ níbẹ̀ lọ sí Abẹ́òkúta. Àwọn baba ńlá wa ti ń rin ọ̀nà yìí lọ síbi ìgbéyàwó àti ìsìnkú kí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé tó fohùn ṣọ̀kan lórí ààlà ní 1889. Àwa ní láti ṣàlàyé àpò ìwé fún aṣọ́bodè.

Náírà ni òǹtàwé fi kọ rìsíìtì fún wa. Ẹni tí ó fi alùpùpù gbé wa kò kọ nǹkan kan. Sẹ́fà ni akápò ẹgbẹ́ sì fẹ́ rí. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń gbèrò láti di olùkọ́, ẹ máa béèrè rìsíìtì kí ẹ tó sanwó.

Ohun tí ó tì wá lójú ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Ìwé 44 ni a rà, èèpo gbogbo wọn ń dán. A mọ̀ pé ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ lè dé nígbàkúùgbà láti wò wọ́n. Ẹ̀rù bà wá pé ọwọ́ tí ó jẹ àkàrà ní òwúrọ̀ ni yóò kan ìwé, pé òjò yóò pa wọ́n, pé àwọn àbúrò nílé yóò fà wọ́n ya. A kó wọn sínú àpótí, a tì í. Ní ọjọ́ Ẹtì, a ó ṣí i, a ó ka ojú ewé méjì sí àwọn ọmọ létí, a ó sì tún tì í. Oṣù mẹ́rin kọjá báyìí.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ dé, wọ́n yìn wá nítorí ìwé wa mọ́ tónítóní. Màmá àgbà kan nínú wọn wá pe ọmọ kan jáde pé kí ó ka ibi tí ó bá wù ú. Ọmọ náà rí “ajá”, ó fi j Faransé pè é. Ó rí “pẹ́pẹ́yẹ”, ó pe p inú rẹ̀ bí ìgbà tí Faransé bá ń pe “papa”. Nígbà tí ó dé “gbogbo”, ó dákẹ́. Ọmọ tí ń pa àlọ́ fún gbogbo agbo ilé lálẹ́ ni o.

Màmá náà kò bá wa wí. Ó kàn béèrè pé, “Ẹ̀yin olùkọ́, ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ àpótí yìí máa ń wà?”

Ìròyìn tí a ní láti kọ ránṣẹ́ wá di àríyànjiyàn láàárín wa. Bí a bá sọ òtítọ́, a lè má rí owó gbà mọ́. Bí a bá kọ ọ́ pé ètò náà yọrí sí rere, olùkọ́ kan ní Sábẹ lè ka ìròyìn wa kí òun náà lọ ra àpótí. Ilẹ̀ ti ṣú kí a tó fẹnu kò. A kọ òtítọ́. Wọ́n tún fún wa lówó, ó dín díẹ̀ sí ti àkọ́kọ́.

Ìwé díẹ̀ ni a rà nínú èyí. A fi ìyókù ra bébà, òwú, abẹ́rẹ́ àti pẹ́ńsù. Àwọn ọmọ ń gba ìtàn lẹ́nu àwọn àgbà ilé wọn, wọ́n ń kọ ọ́, a sì ń rán an di ìwé. Ìyá ìyá ọmọ kan tí ó ti lọ sí kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà àwọn àgbà wá jókòó tì wá. Lẹ́tà ti ilẹ̀ Benin ni a fi kọ́ ọ: ɛ àti ɔ, àti kp níbi tí ìwé Abẹ́òkúta ń kọ p. Ó gbé ìwé wa sún mọ́ ojú, ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ta ni ó ta epo sí abẹ́ lẹ́tà wọ̀nyí?” Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n kọ́ ọ ní ẹ àti ọ. Òun náà kọ́ wọn ní kp.

Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ kò fẹ́ kí a da àkọtọ́ méjèèjì pọ̀ nínú kíláàsì kan. A gbọ́ wọn, ọ̀rọ̀ wọn sì ní ìdí. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí àwọn ọmọ ti mọ̀ pé p ìwé Abẹ́òkúta ni kp màmá àgbà, a kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni fi p Faransé pe pẹ́pẹ́yẹ mọ́.

Ìwé ń lọ sílé báyìí. Méje kò padà. Ọ̀kan padà láìní èèpo. Ìyá ọmọ náà ti fi òwú dúdú rán ẹ̀yìn rẹ̀. A kọ méje yẹn sínú ìròyìn ọdún yìí bí ó ti rí. Akápò kò tíì fèsì.