Kérésìmesì Wa ní Ìlú Òtútù

Olóòtú wa ọ̀wọ́n, àti gbogbo ẹ̀yin ará ẹgbẹ́ wa ní Kàdúná, ó pẹ́ tí ẹ ti ń rán wa létí pé kí àwa náà kọ nǹkan sínú ìwé ìròyìn yìí. A ń fi í falẹ̀. Kì í ṣe pé a gbàgbé yín. Ọ̀rọ̀ kan ni ó há wa lọ́fun, tí a kò mọ bí a ó ti sọ ọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ wá mọ̀ pé ọdún 9 ni a fi ṣe akọ̀wé ní rélùwéè níbẹ̀, kí Ìyá Bọ́lá tó rí àyè lọ kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ní orílẹ̀-èdè Fínlándì ní ọdún 2021. Ní ọdún 2022 àwa àti àwọn ọmọ méjèèjì tẹ̀ lé e. Tampere ni ìlú tí a ń gbé, ó wà láàrin adágún ńlá méjì, Näsijärvi àti Pyhäjärvi. Ọ̀rọ̀ rélùwéè kò sì fi wá sílẹ̀ níbẹ̀ náà, nítorí inú ọkọ̀ ojú irin ni a ń gbá tí a sì ń nù lóru. Akọ̀wé di agbálẹ̀. A kò fi ṣe ìtìjú, owó rẹ̀ ń bọ́ ilé. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ rélùwéè yóò fẹ́ mọ̀ pé ojú irin wọn fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 5, nígbà tí ti àtijọ́ tiwa jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 3 àti ínǹsì 6. Rọ́ṣíà ni ó ń ṣe àkóso wọn nígbà tí wọ́n ṣí ojú irin wọn àkọ́kọ́ ní ọdún 1862, láti Helsinki dé Hämeenlinna, ìwọ̀n tí wọ́n sì gbà lọ́wọ́ Rọ́ṣíà ni wọ́n ṣì ń lò.

Àwọn ènìyàn ibẹ̀ kì í ṣe ènìyàn búburú, ṣùgbọ́n wọn kì í sọ̀rọ̀. Bí a bá kí ènìyàn lórí àtẹ̀gùn ilé, yóò dáhùn lẹ́ẹ̀kan, yóò sì yára wọlé bí ẹni tí a fẹ́ yá lówó. A kọ́kọ́ rò pé wọ́n kórìíra wa ni. Nígbà tí ó yá, a rí i pé bí wọ́n ti ń ṣe sí ara wọn náà nìyẹn.

Kérésìmesì àkọ́kọ́, ní ọdún 2022, ni ó là wá lójú. Ẹ mọ bí ọdún ti ń rí ní Kàdúná. Ní ọjọ́ Iléyá, àwọn aládùúgbò wa Mùsùlùmí a máa gbé ẹran wá. Bí ó bá di Kérésìmesì, àwa náà a gbé ìrẹsì àti adìẹ lọ sí ilé wọn, ọmọdé kì í sì í dúró sílé. Nítorí náà Ìyá Bọ́lá se ìkòkò ìrẹsì ńlá, ó din adìẹ mẹ́ta, a wọ aṣọ tuntun, a jókòó. Ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá gan-an ni àwọn ará Fínlándì ń ṣe ọdún náà. Ní ọ̀sán gangan, ní ìlú Turku, wọ́n a ka ìkéde àlàáfíà Kérésìmesì láti òkè ilé kan, àwọn ènìyàn káàkiri orílẹ̀-èdè a sì máa wò ó nínú tẹlifíṣọ̀n. Lẹ́yìn èyí, kálukú a ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ àti ẹbí rẹ̀. Bọ́ọ̀sì a dín kù, oòrùn a wọ̀ ní nǹkan bí agogo 3 ọ̀sán. A jókòó títí di agogo 8 alẹ́. Ẹnikẹ́ni kò kan ilẹ̀kùn. Bọ́lá, ọmọ ọdún 7 nígbà náà, bèèrè pé, "Bàbá, ṣé wọ́n ń bínú sí wa ni?" Ọjọ́ 5 ni a fi jẹ ìrẹsì yẹn.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, ọkùnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ òru, tí kò tí ì bá wa sọ ju ọ̀rọ̀ 20 lọ láti ọjọ́ tí a ti mọ̀ ọ́n, ní kí a wá bá òun ṣe ọdún Juhannus ní ahéré òun lẹ́bàá adágún. Ọdún ìgbà ooru ni. Ìlú a máa dá páropáro nítorí pé olúkúlùkù ti lọ sí ahéré. Wọ́n fi ẹ̀ka igi kan tí èèpo rẹ̀ funfun sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ilẹ̀kùn, wọ́n dá iná ńlá létí omi, wọ́n sì ń wò ó láìsọ̀rọ̀. Agogo 11 alẹ́ lù, oòrùn ṣì wà lójú ọ̀run, àwọn ọmọ kọ̀ láti sùn.

Ní ti sauna, ilé pákó kékeré ni, inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń da omi sórí òkúta gbígbóná. Ìhòòhò ni ọkùnrin ń bá ọkùnrin wọ̀ ọ́, tí obìnrin sì ń bá obìnrin. Àwa wọ ṣòkòtò péńpé wa wọlé. Onílé wò ó, kò sọ nǹkan kan. Ó fi ìdì ewé na ara rẹ̀, ó sì na ẹ̀yìn tiwa náà. Ooru oṣù Kẹrin ní Kàdúná kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ibẹ̀. Inú ooru yẹn ni ọkùnrin náà ti bi wá léèrè bóyá bàbá wa wà láyé. A ní wọ́n wà, ṣùgbọ́n ara wọn kò le.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá ọdún yẹn ni bàbá wa papò dà, ẹ̀yin ni ẹ sì gbé wọn dé Ọ̀fà. Àwa tí a jẹ́ àkọ́bí kò wá. A gbọ́ ohun tí àwọn kan sọ níbi ìsìnkú, pé ẹni ọmọ sin ni ó bímọ, pé owó ìlú òyìnbó ti mú wa gbàgbé. Ọ̀rọ̀ tí ó há wa lọ́fun nìyí. Ìwé àṣẹ tí a fi ń gbé ìlú wọn ti parí ní oṣù Kọkànlá; a ti bèèrè fún tuntun, kò sì tí ì jáde. Bí a bá lọ nígbà náà, a kò ní lè padà wọlé, iṣẹ́ a sì bọ́. Òru mẹ́ta ni a fi rò ó. Ìyá Bọ́lá ní kí a máa lọ, òun yóò bójú tó ilé. Àwa ni a sọ pé a kò lọ. A kò dì í ru ẹnikẹ́ni.

Ní ọjọ́ 24, ní agogo 4, òkùnkùn ti ṣú, yìnyín bo ilẹ̀, ọkùnrin ahéré yẹn kan ilẹ̀kùn wa. Àbẹ́là méjì ni ó mú lọ́wọ́. Àṣà wọn ni láti lọ tan àbẹ́là sí ojú oórì àwọn ènìyàn wọn ní ọjọ́ náà. Nígbà tí a dé ibi ìsìnkú, iná kékeré lọ súà nínú yìnyín, àwọn ènìyàn ń rìn jẹ́jẹ́. Ní igun kan ni ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn tí òkú wọn sùn sí ibòmíràn. A kò mọ̀ pé irú rẹ̀ wà. Ọkùnrin náà ní bàbá-ńlá òun sùn sí Karelia, ní ìhà tí Rọ́ṣíà gbà lọ́wọ́ wọn pátápátá ní ọdún 1944. Ó tan àbẹ́là tirẹ̀, ó sì na èkejì sí wa. Bọ́lá ni ó gbé e kalẹ̀. A dọ̀bálẹ̀ nínú yìnyín, a ki bàbá wa ní oríkì bí a ti mọ̀ ọ́n mọ. Ó já mọ́ wa lẹ́nu lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn tí ó wà nítòsí wò wá, wọ́n yí ojú padà, wọn kò bèèrè ohunkóhun. Ọjọ́ yẹn ni a dúpẹ́ pé wọn kì í sọ̀rọ̀.

Ó bá wa padà sílé, ó jẹ nínú ìrẹsì Ìyá Bọ́lá. Ata mú un títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó mu omi ife mẹ́rin, ó sì ní kí a tún bù sí i.

Ìwé àṣẹ náà jáde ní oṣù Kejì. Ní ọdún 2024 Ọlọ́run fún wa ní ọmọkùnrin kan, a sọ ọ́ ní Babátúndé. Ní oṣù Kẹjọ tí ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá fẹ́, gbogbo wa ń bọ̀ ní Kàdúná kí a tó kọjá sí Ọ̀fà. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ṣì ní ẹ̀dà ìwé ìròyìn yìí tí àwòrán ìsìnkú náà wà nínú rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi sí ọwọ́ Akọ̀wé ẹgbẹ́ dè wá. Èyí tí ẹ fi ránṣẹ́ sí wa kò dé.