Eku Ẹmọ́ Kan Ṣoṣo

A kì í pa àlọ́ lọ́sàn-án. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà kọ́ wa. Kódà, ètò àlọ́ tí NTA ń ṣe fún ọmọdé ní àwọn ọdún 1980, Tales by Moonlight, òṣùpá ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ṣùgbọ́n ilé ìkàwé kì í ṣí lóru. Nígbà tí wọ́n ní kí èmi tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà máa wá pa àlọ́ fún àwọn ọmọdé ní yàrá ìkàwé kékeré kan ní Iye-Èkìtì níhìn-ín, mo fi í sí agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ Sátidé, kí ọ̀sán má bínú, kí òru má bínú.

Sátidé mẹ́rin ni mo ṣètò: méjì fún ológbò, méjì fún òjò àti ọyẹ́. Mo fi ológbò ṣáájú nítorí pé àwọn ọmọ wa a máa sọ ọ́ lókùúta, wọ́n á ní ẹran àjẹ́ ni. Mo pa ti bí ọ̀rẹ́ ológbò àti èkúté ṣe dàrú. Wọ́n rín in títí.

Ó kan òjò. Oṣù Kẹta ni, ilẹ̀ gbẹ, àwọn àgbẹ̀ ń wòkè. Mo mú ìtàn àwọn babaláwo: Ilẹ̀ àti Ọ̀run jọ ṣọdẹ, wọ́n pa eku ẹmọ́ kan ṣoṣo. Ilẹ̀ ní òun ni àgbà, òun ni yóò mú un. Ọ̀run ní irọ́ ni. Ọ̀run bá bínú lọ sókè, ó sé òjò. Iṣu kò ta mọ́, odò gbẹ, ebi ń pa ẹni tí kò sí níbi ìjà.

Ó ku díẹ̀ kí Igún gbé ẹbọ lọ sọ́run ni ọmọbìnrin kékeré kan nawọ́.

“Màmá, ológbò ńkọ́? Ká ní ó ti gbé eku yẹn jẹ ni, ṣebí ìjà ì bá ti tán!”

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni n kò lè rẹ́rìn-ín.

Ọdún kẹfà rèé tí èmi àti àbúrò mi ọkùnrin kò kí ara wa. Igi kòkó méjìlá ní ààlà oko bàbá wa ló fà á. Mo ní èmi ni àgbà. Ó ní òun ni ọkùnrin. Nígbà tí a sin ìyá wa, ọ̀tún ni mo dúró, òsì ni òun dúró. Àwọn ọmọ wa tí kò mọ ìdí kòkó kò mọ ara wọn mọ́.

Mo sọ fún àwọn ọmọ pé ó di Sátidé tó ń bọ̀ kí Igún tó fò.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo pe àbúrò mi lórí fóònù. Ó gbé e, kò fọhùn.

Mo ní, “Èmi ni o.”

Ó pẹ́ kó tó dáhùn. “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé òjò ti rọ̀ lọ́dọ̀ yín?”

Mo ní, “Kò tí ì rọ̀. Ṣùgbọ́n ó ti ṣú.”